“Ta ló gé kìnnìún mi sí méjì?”: Bí ohun ìṣeré àlòkù ṣe ń di ohun èlò inú ilé

Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Òwe àwọn baba wa nìyí, a kò sì ní í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ yàrá àwọn ọmọ yín lónìí, tí ẹ bẹ̀rẹ̀, tí ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ ó rí i pé àwọn ọmọ ìwòyí náà ti ní àkísà tiwọn. Ọkọ̀ tí kò ní táyà mọ́, ọmọláńgidi olójú kan, tẹ́dì tí fóòmù ń yọ ní ikùn rẹ̀, ìbọn ike tí kò lè dún, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba eruku. Kí ni kí á wá fi wọ́n ṣe? Kí n tó dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí a ń tún ilé ṣe, ìyàwó mi fa páálí mẹ́ta jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní: “Bàbá wọn, àwọn ọmọ tó ni ẹrù yìí ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tán. Ẹ jẹ́ kí á pe ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke yẹn, kó bá wa kó wọn dànù.” Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọmọlanke náà ń lọ. Àkìtàn ẹ̀yìn ọjà ni, níbi tí wọ́n ti máa ń dáná sun ìdọ̀tí ní ìrọ̀lẹ́, tí èéfín dúdú rẹ̀ yóò sì padà wọlé tọ̀ wá wá nígbà tí a bá fẹ́ jẹun alẹ́. Mo ní kó ní sùúrù ná.

Mo ti rí i rí ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan pé ó fi ẹranko oníke ṣe ohun ìfikọ́ fìlà sára ògiri. Èmi náà bá yọ ẹranko mẹ́rin jáde nínú páálí: kìnnìún, erin, ẹfọ̀n àti àgùnfọn. Mo ránṣẹ́ sí káfíńtà àdúgbò wa, ó fi ayùn gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní agbede-méjì, ó sì kan apá iwájú wọn mọ́ pákó gbọọrọ kan. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹranko mẹ́rin ti yọrí jáde lára ògiri ẹnu ọ̀nà wa, bí ẹni pé inú ògiri ni wọ́n gbà wọlé. Fìlà mi wà lórí ìwo ẹfọ̀n, kọ́kọ́rọ́ ilé wà ní ọrùn àgùnfọn. Kò sí àlejò tó wọlé tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì bèèrè ẹni tó ṣe é. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ayọ̀ náà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Àbíkẹ́yìn wa ti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé dé fún ìsinmi. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì dúró gbagidi. “Dádì, ta ló gé kìnnìún mi sí méjì?” Mo fẹ́ fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba ẹ̀rín. Ó ní: “Màmá àgbà ló ra kìnnìún yẹn fún mi, sà.” Ìgbà náà ni mo tó rántí. Ìyá mi ló rà á fún un, ní Kérésìmesì tí ó ṣe kẹ́yìn láyé. Ọmọ náà tún bèèrè pé: “Ìdajì yòókù ńkọ́?” Olómọlanke ti gbé e lọ. N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àǹfààní púpọ̀ wà nínú kí á sọ ohun ìṣeré tó ti gbó di ohun èlò ilé. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló gbọdọ̀ ṣáájú ayùn: kí á bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ni ín, kí á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oró wà lára rẹ̀.

ỌMỌLÁŃGIDI KÌ Í ṢE IGI LÁSÁN

Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré wa. Agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀, àtẹ́lẹ̀ bàtà sílípáàsì tó ti gbó la fi ń gé táyà, wáyà gígùn la sì fi ń darí rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan, nítorí ọmọ Kano ń ṣe é, ọmọ Dakar náà ń ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin a pọn ọmọláńgidi igi sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin a máa ta òkòtó. Bí èyí tó jẹ́ igi bá bàjẹ́, ó di igi ìdáná. Bí agolo bá dípẹtà, ilẹ̀ a gbà á. Kò sí ẹni tó ń ronú ibi tí yóò kó wọn sí.

Ti ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ike ni púpọ̀ nínú wọn. Òmíràn bá kọ̀nténà dé láti Ṣáínà, òmíràn bá ẹrù tòkunbọ̀ dé láti Yúróòpù lẹ́yìn tí ọmọ ẹlòmíràn ti lò ó tó sú u. Ike yìí lágbára púpọ̀. Ẹ wo búlọ́ọ̀kù kékeré tí ilé-iṣẹ́ Lego ti orílẹ̀-èdè Denmark ń ṣe. Ọdún 1958 ni wọ́n fi òfin dáàbò bo ọ̀nà tí ó ń gbà so mọ́ra, àwọn tí wọ́n ṣe nígbà náà ṣì ń so pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí. Ohun tí kò gbó láàárín ọdún tó lé ní 60, ṣé àkìtàn ni yóò wá jẹrà sí láàárín ọdún méjì? Àléébù ni agbára yìí jẹ́ bí a bá sọ ọ́ nù, nítorí inú gọ́tà ni yóò jókòó sí títí òjò yóò fi kún wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ṣe ohun èlò yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Dídáná sun ún kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Ike rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọláńgidi, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PVC, ní èròjà kílórínì nínú. Bí iná bá jó o, èéfín rẹ̀ a máa gbé ásíìdì jáde, ó sì tún lè gbé oró kan tí wọ́n ń pè ní dáyọ́síìnì jáde. Oró yìí kì í tètè kúrò lára èèyàn àti ẹranko bí ó bá ti wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ju ti ìdọ̀tí lọ. Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tó dà bí ọmọláńgidi lásán lè ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹni tó ni ín. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n a gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fi osùn pa á lára, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Nígbà tí ọmọláńgidi oníke dé ọjà wa, àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí ipò ère igi. Marilyn Houlberg, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí lórí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá, tó sì kọ̀wé lórí ère ìbejì ní ọdún 1973, wà lára àwọn tó ṣe àkọsílẹ̀ àṣà yìí. Ẹ̀sìn kọ́ ni mo wá sọ níhìn-ín o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ike tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú lọ́jà lè di ohun tí owó kò lè rà nínú ilé, nítorí ẹni tí ó ń múni rántí. Bí èmi bá ti ro èyí ní ọjọ́ Sátidé náà, káfíńtà ì bá tí fọwọ́ kan kìnnìún.

ÀWỌN TÓ FI Í LÓKÌKÍ

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé iṣẹ́ aláìríṣẹ́-ṣe ni kí àgbàlagbà máa to tẹ́dì jọ. Kí onítọ̀hún gbọ́ ìtàn ọmọ ìyá méjì kan ní São Paulo, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Humberto Campana kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, àbúrò rẹ̀ Fernando kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Láti nǹkan bí ọdún 1984 ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe àga àti ohun èlò ilé láti inú ohun tí àwọn ẹlòmíràn kà sí pàǹtí. Ní ọdún 1991, wọ́n fi wẹ́wẹ́ pákó ṣe àga kan tí wọ́n sọ ní Favela, orúkọ tí àwọn ará Bùràsíìlì ń pe àdúgbò àwọn tálákà tí wọ́n fi pákó àjákù kọ́lé. Ilé-iṣẹ́ Edra ní Ítálì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àga náà fún títà ní ọdún 2003.

Ní ọdún 2002 ni wọ́n gbé èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jáde. Wọ́n pe àga náà ní Banquete. Kò ní tìmùtìmù kankan lórí: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko onífóòmù irú èyí tí àwọn ọmọdé ń gbé sùn, ni wọ́n rán pọ̀ mọ́ ara wọn, tí wọ́n sì dè mọ́ irin. Ẹni tó bá jókòó, orí kìnnìún àti ikùn ọ̀bọ ló jókòó lé. Ní ọdún kan náà, wọ́n tún ṣe àga mìíràn, Multidão, tí wọ́n fi ọmọláńgidi aláṣọ bò látòkèdélẹ̀. Àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú Esperança, ní ìpínlẹ̀ Paraíba, ló rán àwọn ọmọláńgidi náà. Fernando kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní ẹni ọdún 61, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àwọn olówó ń san lórí àwọn àga náà títí di òní.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye owó yẹn dẹ́rù bà yín. Abẹ́rẹ́, òwú àti irin ni gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Télọ̀ àti alurinmọ́rin tó wà ní òpópónà yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

OHUN TÍ ỌWỌ́ WA LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn jù lọ. Gbogbo wa la mọ tìmùtìmù aláwọ, èyí tí àwọn oníṣẹ́ awọ Kano àti ti Ọ̀yọ́ ń ṣe, tí àwọn àgbà ń gbé ẹsẹ̀ lé. Tẹ́dì àlòkù 20 sí 30 lè kún inú irú rẹ̀ dáadáa. Ẹ fọ àwọn tẹ́dì náà pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, ẹ sá wọn sóòrùn títí inú wọn yóò fi gbẹ. Ẹ má kánjú níbí, nítorí fóòmù tí kò gbẹ yóò hu, yóò sì máa rùn. Ẹ yọ ojú oníke àti ohunkóhun tó bá le kúrò lára wọn. Kí télọ̀ wá rán àpò róbótó láti inú àjákù òfì tàbí ṣòkòtò jíìnsì tó ti gbó, kó fi síìpù sí ẹnu rẹ̀. Ẹ kó wọn sínú rẹ̀ kó kún dẹ́ńdẹ́, ẹ ti ní ìjókòó. Bí ọmọ bá fẹ́ rí tẹ́dì rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kó ṣí síìpù, kó kí i.

Ohun ìfikọ́ alẹ́ranko tí mo ṣe kò burú ní ti iṣẹ́ ọwọ́. Àṣírí rẹ̀ ni pé inú ọ̀pọ̀ ẹranko oníke ṣófo, ìṣó kò sì ní rí ibi tí yóò dì mú. Káfíńtà wa gbẹ́ èèkàn igi kékeré sínú ìdajì kọ̀ọ̀kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó dúró di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù náà tó gbẹ dáadáa nínú èyí tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀yìn pákó yí ìṣó wọlé. Fìlà, kọ́kọ́rọ́ àti agbòòrùn ni ó lè gbé. Ẹ má gbé àpò ìrẹsì kọ́ ọ.

Búlọ́ọ̀kù onígi tí wọ́n kọ lẹ́tà sí lára dára fún ọwọ́ dúrọ́ọ̀. Ìṣó kan láti inú dúrọ́ọ̀ wá síta ti tó. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó ti kán kì í ṣe ẹrù alókù-irin nìkan: bí ẹ bá yọ rímù rẹ̀, tí ẹ nù ún, tí agérígíláàsì sì gé dígí róbótó sí àárín rẹ̀, dígí pálọ̀ ti dé.

Ọkọ̀ típà oníke ńlá a máa di ìkòkò ẹ̀fọ́. Ẹ rọ ilẹ̀ olọ́ràá sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbin efinrin sí i, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ọkọ̀ tí omi dúró sí, tanwíjí ni yóò máa tọ́, ibà ni yóò sì kó wọlé fún yín.

Ẹ má sì gbàgbé ohun ìṣeré tiwa. Ọpọ́n ayò tó ti là tàbí tí ọmọ ayò rẹ̀ ti sọnù ní ilé 12 tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti fara balẹ̀ gbẹ́. Gbé e sórí tábìlì yàrá, kí ìyá ilé máa kó òrùka, yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀ sí i. N kò tíì rí àpótí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù tó dára tó o.

ORÓ TÓ FARA SIN

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Èkíní ni ọ̀dà. Ohun ìṣeré àtijọ́ onígi àti onírin, àti àwọn kan tí kò pẹ́ pàápàá, lè ní òjé nínú ọ̀dà wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Mattel ti Amẹ́ríkà kó ohun ìṣeré tó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ padà kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé nítorí òjé inú ọ̀dà. Àwa ní Nàìjíríà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa bí òjé ṣe burú tó. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé tó wà nínú eruku òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ ní àyíká ilé pa ọmọdé tó tó 400. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé. Nítorí náà, bí ọ̀dà ohun ìṣeré àtijọ́ bá ń ṣí, ẹ má ṣe fi sáńpépà ha á. Èyí ni àṣìṣe tí àwọn káfíńtà wa máa ń ṣe: eruku ọ̀dà yẹn gan-an ni oró. Ẹ fi nylọ́ọ̀nù dì í, kí ẹ má sì lò ó fún ohunkóhun tí ọwọ́ tàbí ẹnu yóò kàn.

Èkejì ni bátìrì. Ẹ yọ gbogbo bátìrì kúrò kí ẹ tó gé ohunkóhun. Èyí tó burú jù ni bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó kọ́bọ̀, tí ó máa ń wà nínú ohun tó ń kọrin tàbí tó ń tanná. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀fun, ó lè jó ẹran ara inú lọ́hùn-ún láàárín wákàtí méjì péré. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ooru, èmi fúnra mi sì jẹ̀bi níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn ohun ìfikọ́, mo fi ọkọ̀ ojú omi oníke kan ṣe àtùpà, mo sì ki gílóòbù oníwáyà ti 60 watt sí inú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná mànàmáná lọ, a kò rántí pa á, a sùn. Iná dé ní òru. Òórùn ike tó ń yọ́ ló jí ìyàwó mi. Nígbà tí a dé pálọ̀, ìdí ọkọ̀ náà ti wó sórí tábìlì bí àmàlà. Ọlọ́run ló yọ wá. Gílóòbù LED ni kí ẹ lò, nítorí ooru rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti oníwáyà, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí tìmùtìmù tẹ́dì sún mọ́ sítóòfù tàbí àbẹ́là.

ÌDÁJỌ́ ỌMỌ

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kìnnìún, mo pe ọmọ náà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí àwọn baba sábà máa ń ṣe ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ̀bi, kó gbà pé òun jẹ̀bi. A jókòó sórí ẹní, a tú páálí tó kù sílẹ̀, mo sì ní kó pín wọn bí ó ṣe wù ú.

Òkìtì mẹ́ta ló pín wọn sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Kò ju mẹ́rin lọ. Èkejì ni àwọn tó ṣì dára, ó ní kí á fi fún àwọn ọmọ ayálégbé tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó tọ̀nà, nítorí kò yẹ kí á fi ayùn kan ohun tí ọmọ mìíràn ṣì lè fi ṣeré. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ó ní: “Dádì, àwọn wọ̀nyí ni kí a máa gé.” Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ ojú irin méjì tó ti kán nínú wọn ṣe ohun ìdíwé dúró, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, tí ìwé rẹ̀ sì tò sí àárín bí ẹrù inú ọkọ̀. Èmi kò bá tí ronú kàn án láé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Kìnnìún ńkọ́? Ó ní kí n yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà báyìí, kò sì sí ẹni tó ń fi fìlà kọ́ ọ. Nígbà tó ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó gbọ́wọ́ lé e lórí díẹ̀ kó tó gbé àpò rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ pe àwọn ọmọ yín mọ́ra kí ẹ tó pe káfíńtà. Ire o.